Bàbà àti Bàbá

Ní Kajaani, lóṣù kìíní ọdún,
nígbà tí oòrùn ń yọjú bí ajigbèsè
tó sì ń yára sá wọlé padà,
mo gbọ́ ẹ̀fọn nínú yàrá iṣẹ́ mi.
Ẹ̀fọn wo?
Adágún ti dì gbagidi láti oṣù kọkànlá.
Mo ṣí fèrèsé, mo tì í. Mo pa iná.
Mo fi etí lé ògiri bí olófòófó.
Inú kọ̀ǹpútà ni ohùn náà ti ń bọ̀,
tín-ín-rín, bí abẹ́rẹ́ tí kò rí aṣọ gún.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́.
Ohùn ẹyẹ ni mò ń gbà sílẹ̀ nínú igbó páìnì;
n ó gbé e wálé, n ó sẹ́ ẹ bí ẹní sẹ́ ògì,
kí pàǹtí afẹ́fẹ́ lè kù sójú asẹ́.
Asẹ́ wá ń pariwo fúnra rẹ̀,
kí ni kí n fi sẹ́ ògì?

Saimi, ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án, fọwọ́ bo etí:
"Ẹ̀rọ yín ń sunkún, Mọ́mì.
Tí ẹ bá ń fa àwòrán sókè, á tún máa ké sí i."
Òótọ́ ni. Mo fà á, ó han gooro.
Mo dúró, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

A tú u palẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ.
Mo fi ìka dá fáànù dúró; ohùn ò dúró.
Okùn bàbà ni, tí wọ́n wé roboto, tí kò ju ẹ̀wà lọ,
tí iná ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá,
tó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.
Kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Bàbá mi, Tauno, wọlé tòun ti yìnyín ní bàtà.
"Kí lẹ ń wá?"
"Ohùn."
Ó na ọrùn. Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Ohùn wo?"

Bàbà ń ké, Bàbá ò gbọ́.
Bàbá tó máa ń dì mí lápá mú nínú òjò dídì,
tí á ní, "Dákẹ́. Hippiäinen rèé,"
ẹyẹ tí kò ju àtàǹpàkò lọ,
tí ohùn rẹ̀ ga débi pé ó kù díẹ̀ kó má sí.
Ó jókòó. Ó ní, "Wọ́n ti tán nínú igbó wa,
ó tó ọdún mẹ́wàá."
Mi ò sọ fún un pé mo gbọ́ mẹ́ta láàárọ̀ àná.

Eskelinen tó ń ta ẹ̀rọ lẹ́bàá odò ní á mọ́ mi lára.
Etí tirẹ̀ kọ́.
Mo dín eré tí àwòrán ń sá kù; ta ló kúkú ń lé e?
Mo fi igi ìtayín kán gọ́ọ̀mù sára bàbà,
ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
Bàbá ń bá mi tanná. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.
Ilẹ̀ mọ́ kó tó gbẹ.

Ohùn ò kú. Ó di ẹni tó ń ráhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Saimi ní, "Ó ṣì wà o," ó sì lọ síléèwé.

Mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ ti ń ya ohùn bí àwòrán,
ohùn nlá nísàlẹ̀, ohùn tín-ín-rín lókè.
Lókè pátápátá, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, funfun.
"Àárọ̀ ijẹta nìyí, Bàbá. Lẹ́yìn sáúnà wa."
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.
Ó fi èékánná kà wọ́n lórí gíláàsì,
ó tún wọn kà.
Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá kọfí ṣì kù,
ó sì fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ.